Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ ni Kí Ẹ Yẹ̀ Wò, Kì í Ṣe Géètì Yunifásítì

Lọ́dọọdún, bí èsì ìdánwò JAMB bá ti jáde, ìbéèrè kan náà ló máa ń wà lẹ́nu àwọn òbí ní Ìlọrin àti ní gúúsù Kwara nípa yunifásítì tí ọmọ wọn fẹ́ wọ̀: "Ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí i?" Wọ́n á bèèrè rẹ̀ ní kafé tí wọ́n ti ń kún fọ́ọ̀mù ní Tánkè, wọ́n á bèèrè rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, wọ́n á pe ọmọ ẹ̀gbọ́n tó wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì Màlété lórí fóònù kí wọ́n lè bi í. Ẹni tí wọ́n bi á ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, wọ́n ti fọwọ́ sí i." Ọkàn òbí á balẹ̀ lóòótọ́, owó á jáde. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ni wọ́n á tó mọ̀ pé ọmọ kò lè lọ sin ilẹ̀ baba rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, tàbí pé ìwé ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó lọ kọ́ kò yé e.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó dáhùn kò parọ́. Ohun tí òbí fẹ́ mọ̀ àti ohun tó dáhùn ni kò jọra. Ẹ̀ka tí ọmọ fẹ́ wọ̀ ni ẹ̀kọ́ ti ń dára tàbí ti ń bàjẹ́: iye olùkọ́ tó wà níbẹ̀, irú èèyàn tí wọ́n jẹ́, iye ọmọ tí wọ́n kó síwájú wọn, àti ohun tí ọmọ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe níbẹ̀. Ìfọwọ́sí ìjọba ń gbìyànjú láti wọn nǹkan wọ̀nyí, ó sì níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ta ló ń fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga?

Gbogbo ibi tí ọmọ ń lọ kàwé lẹ́yìn girama là ń pè ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa: yunifásítì, pólì, àti kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Àjọ tó ń mójú tó wọn yàtọ̀ síra. NUC ló ni ọ̀rọ̀ yunifásítì. Láti 1962 ló ti wà gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ agbaninímọ̀ràn, ó di àjọ tó dá dúró lábẹ́ òfin ní 1974, òfin 1985 ló sì fún un lágbára láti là á kalẹ̀ pé báyìí ni ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rí ó kéré tán, kí ó sì máa lọ wò ó bóyá wọ́n ń tẹ̀ lé e. NBTE ló ni ti pólì, NCCE ló ni ti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́.

Nítorí náà, ẹni tó ń wá HND ti Federal Polytechnic Ọ̀fà nínú ìwé NUC kò ní í rí i, ìyẹn kò sì sọ ilé-ẹ̀kọ́ náà di ayédèrú. Ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ kò kàn ló wọ̀.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti ní àṣẹ, ṣé kọ́ọ̀sì náà ti ní i nìyẹn?

Rárá o. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ èèyàn lójú jù.

Àṣẹ àkọ́kọ́ ni pé kí ilé-ẹ̀kọ́ wà. University of Ilorin ti ní tirẹ̀ láti 1975, Al-Hikmah láti 2005, KWASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Kwara, ní Màlété láti 2009, Landmark ní Òmù-Àrán láti 2011, Summit ní Ọ̀fà láti 2015. Èyí ló máa ń wà lọ́kàn ẹni tó ń dáhùn lórí fóònù pé wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ohun tó sọ kò ju pé ìjọba mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ náà wà.

Àṣẹ kejì ni ìfọwọ́sí fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní accreditation. Lábẹ́ òrùlé kan náà, kọ́ọ̀sì kan lè ní ìfọwọ́sí ọdún márùn-ún, kí èyí tó wà ní yàrá kejì ní ti ọdún méjì, kí wọ́n sì ti kọ ẹ̀kẹta. Géètì kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé, aṣọ kan náà ni wọ́n ń wọ̀ lọ́jọ́ ìgboyèjáde. Ẹni tó bá dúró sí géètì kò lè mọ ìyàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ kan tún wà láàárín méjèèjì tí òbí kì í sábà gbọ́ nípa rẹ̀. Kí kọ́ọ̀sì tuntun tó bẹ̀rẹ̀, NUC á kọ́kọ́ rán èèyàn wá wò ó bóyá olùkọ́, yàrá, ìwé àti irinṣẹ́ tó wà nílẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá tó, wọ́n á ní kí wọ́n máa gba ọmọ. Ìfọwọ́sí gan-an kò tíì dé nígbà yẹn. Ó di ìgbà tí kọ́ọ̀sì náà bá ti ń lọ fún ọdún mélòó kan, tí NUC padà wá wo ohun tí wọ́n ṣe. Àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọlé ló ń wà ní agbede méjì yìí. Orí wọn ni ewu wà jù, òbí wọn ló sì yẹ kó bèèrè jù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fún kọ́ọ̀sì ní máàkì?

Ọ̀jọ̀gbọ́n láti yunifásítì mìíràn, àwọn tó mọ ẹ̀kọ́ náà tinú-tẹ̀yìn, ni NUC sábà máa ń rán lọ. Ọgọ́rùn-ún ni àpapọ̀ máàkì. Nínú ìwọ̀n tí wọ́n ti ń lò bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, olùkọ́ ló kó 32. Ilé àti irinṣẹ́ kó 25. Ètò ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n ń kọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò àti irú ọmọ tí wọ́n ń gbà, kó 23. Ilé ìkàwé ní 12, owó ní 5. Ohun tí àwọn tó gba ọmọ ibẹ̀ síṣẹ́ sọ nípa wọn ní 3.

Mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún! Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Ẹni tó gba ọmọ síṣẹ́ tó sì rí ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe ló yẹ kí ohùn rẹ̀ dún jù, òun gan-an ni wọ́n fún ní ààyè tó kéré jù.

Kọ́ọ̀sì tó bá gba 70 sókè máa ń gba ìfọwọ́sí kíkún, ọdún márùn-ún sì ni. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ gba ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́rin tó ṣe kókó: olùkọ́, ilé àti irinṣẹ́, ètò ẹ̀kọ́, àti ilé ìkàwé. Ká ní kọ́ọ̀sì kan gba 78 lápapọ̀, ṣùgbọ́n nínú 32 tó wà fún olùkọ́, 20 péré ló rí gbà. Ìyẹn kò dé ìdá 70. Wọn ò ní í fún un ní ìfọwọ́sí kíkún bó ti wù kí ilé rẹ̀ rẹwà tó.

Ìyá kan tó ń tajà ní Ọjà-Ọba bi mí pé, "Ẹ má bínú, bọ̀dá, ọmọ mi ní interim ni tiwọn. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?" Mo ní, "Kò tíì bàjẹ́, mọ́mì, àmọ́ ẹ máa ṣọ́ ọ." Ìfọwọ́sí onígbà díẹ̀ ni interim. Kọ́ọ̀sì tó gba 60 sí 69, tàbí èyí tó kọjá 70 àmọ́ tó kùnà nínú ọ̀kan lára àwọn mẹ́rin yẹn, ni wọ́n ń fún. Ọdún méjì ló ń lò, kí wọ́n lè lọ tún ibi tó kù díẹ̀ káàtó ṣe. Wọ́n ṣì lè gba ọmọ. Èyí tí kò dé 60 ni wọ́n ń kọ̀, kò sì gbọdọ̀ gba ọmọ tuntun mọ́.

Kí ni ìfọwọ́sí kò lè sọ fún òbí?

Ìfọwọ́sí dà bí pàtíkúlà mọ́tò. Bí ìwé ọkọ̀ bá pé, ọlọ́pàá kò ní í dá ọ dúró ní Ẹ́yẹńkọ́rin, ṣùgbọ́n ìwé yẹn kò mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún láàárọ̀ yìí. Ọkọ̀ tí kò ní pàtíkúlà, má wọ̀ ọ́. Èyí tó ní in, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò.

Ọjọ́ díẹ̀ ni àwọn olùyẹ̀wò ń lò, ìfọwọ́sí náà sì lè wà fún ọdún márùn-ún. Láàárín ọdún márùn-ún, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì lè fẹ̀yìn tì, dókítà mẹ́ta lè jápa lọ sí Kánádà, kí ọmọ tí wọ́n ń gbà sì di ìlọ́po méjì. Orúkọ kọ́ọ̀sì náà ò ní í tìtorí ẹ̀ kúrò nínú ìwé NUC. Ohun mìíràn wà tí gbogbo ẹni tó bá kàwé ní Nàìjíríà mọ̀: ilé tí wọn ò kùn láti ọdún mélòó ni wọ́n á sáré kùn lọ́sẹ̀ tí àlejò ń bọ̀, ìwé tí ọmọ ò rí rí á kún inú ilé ìkàwé, olùkọ́ tí wọ́n yá láti ibòmíràn á wá jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ lánàá. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣe é wà. Ọmọ ló ń fara gbá a lẹ́yìn tí àlejò bá lọ.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ olùkọ́ fi ju gbogbo rẹ̀ lọ?

Nítorí pé kò sí ohun mìíràn tó lè rọ́pò rẹ̀. Ọmọ lè kàwé lórí fóònù bí ilé ìkàwé bá kéré, ó lè jókòó sábẹ́ igi bí yàrá bá kún. Ẹni tó máa ka iṣẹ́ rẹ̀, tó máa sọ fún un pé ibí lo ti ṣìnà, tó máa dá a padà kó lọ tún un ṣe, kò sí ibi tó ti lè rí ìyẹn àyàfi lọ́dọ̀ olùkọ́ tó ní àkókò.

NUC mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi ní ìwọ̀n fún iye ọmọ tó yẹ kó wà fún olùkọ́ kan. Ní ẹ̀kọ́ ìṣègùn, olùkọ́ kan sí ọmọ mẹ́wàá ni. Ní ẹ̀kọ́ ẹnjiníà, ọ̀kan sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní sáyẹ́ǹsì, ọ̀kan sí ogún. Ní ẹ̀kọ́ bí èdè, ìtàn àti òfin, ọ̀kan sí ọgbọ̀n. Wọ́n tún sọ bí ipò àwọn olùkọ́ náà ṣe yẹ kó rí: ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n àti àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n di ọ̀jọ̀gbọ́n, ìdá 35 kí ó jẹ́ olùkọ́ àgbà, ìdá 45 kí ó jẹ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀ka kan ṣírò rẹ̀. Ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì tó ní ọmọ 400 nílò olùkọ́ 20. Mẹ́rin nínú wọn yẹ kó wà nípò ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí lẹ́bàá rẹ̀, méje kí ó jẹ́ olùkọ́ àgbà, mẹ́sàn-án kí ó jẹ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ẹ bá dé irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá olùkọ́ mẹ́jọ, tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣoṣo sì ń kọ́ni níbẹ̀ tó tún jẹ́ olórí ẹ̀ka tó tún jókòó sí ìgbìmọ̀ mẹ́fà, ẹ ti mọ ohun tí ọmọ yín máa rí. Olùkọ́ kan á máa kọ́ kọ́ọ̀sì márùn-ún. Ìdánwò á di èyí tí ọmọ kàn ń fi àmì sí A tàbí B, nítorí pé kò sí ẹni tó lè ka àlàyé ọmọ 400. Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, tó yẹ kí olùkọ́ bá ọmọ wò láti orí kan dé orí kejì, á di ohun tí wọ́n ń rà ní kafé.

Ibi tí àìtó olùkọ́ ti wá kò ṣòro láti mọ̀. Owó oṣù kò dára, àwọn ọ̀dọ́ tó mú orí wálẹ̀ sì ń lọ sí òkè òkun. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, nǹkan mìíràn tún kún un: fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ní láti gba ìyọ̀ǹda láti Àbújá kí wọ́n tó gba òṣìṣẹ́, wọ́n sì kó wọn sábẹ́ ètò owó oṣù IPPIS ní 2020. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà 2023 ni ìjọba sọ pé kí wọ́n yọ yunifásítì kúrò nínú ètò náà. Ní yunifásítì aládàáni, ìṣòro náà gba ọ̀nà mìíràn yọ: olùkọ́ kan náà lè máa kọ́ni ní ibi méjì mẹ́ta, kí orúkọ rẹ̀ wà níbi gbogbo, kí ara rẹ̀ má sì fi bẹ́ẹ̀ sí níbì kankan.

Ilé tuntun tí wọ́n kọ TETFund sí lára ńkọ́?

Ó dára, ọpẹ́ ni. Àmọ́ ó yẹ kí òbí mọ ibi tí owó yẹn ti ń wá àti ohun tí wọn kì í fi ṣe. Owó tí ìjọba ń gbà lórí èrè àwọn ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi ń bọ́ TETFund, àjọ tó ń fowó ran ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, láti ọdún pípẹ́. Òfin tó gbé e kalẹ̀ bó ṣe wà yìí jáde ní 2011, ti ìṣáájú rẹ̀ sì ti wà láti 1993. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ló ń jàǹfààní rẹ̀. Landmark, Al-Hikmah àti Summit kò sí nínú rẹ̀. Ní 2025, ₦2.8 bílíọ̀nù ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún yunifásítì ìjọba kọ̀ọ̀kan. Ilé, irinṣẹ́, ìwé, ìwádìí àti rírán olùkọ́ lọ kàwé sí i ni wọ́n ń fi owó náà ṣe. Wọn kì í fi san owó oṣù.

Èyí ló fà á tí ẹ fi lè rí ilé alájà mẹ́ta tuntun tí fèrèsé rẹ̀ ń dán, kí ẹ wọ inú rẹ̀ kí ẹ bá ọ́fíìsì tí kò lólùkọ́. Owó tó ń kọ́ ilé wà, owó tó ń gba èèyàn síṣẹ́ kò rìn pẹ̀lú rẹ̀. University of Ilorin ní ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 15,000. Ọmọ 200 ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1976, nígbà tó ṣì wà lábẹ́ apá Ìbàdàn, ní ààyè kékeré kan láàárín ìlú. Àwọn ọmọ ìgbà náà ò ní ìdá kan nínú ilé tó wà níbẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n olùkọ́ wọn mọ̀ wọ́n lórúkọ.

Kí ló yẹ kí ọmọ máa fọwọ́ kàn?

Mo ti dúró sí láàbù kan rí, n ò ní í dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, tí àwọn ọmọ ọdún kejì ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo sẹ́ẹ̀lì inú awọ àlùbọ́sà. Máíkírósíkóòpù méjì ló ń ṣiṣẹ́. Ìlà àwọn ọmọ gùn títí dé ẹnu ọ̀nà, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá dé ibẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, á fi ojú kan wò, ẹni tó wà lẹ́yìn á ní, "Ó tó, bọ́ síwájú." Ọmọbìnrin kan fọwọ́ kan bọ́tìnnì tó ń mú kí àwòrán hàn kedere, gbogbo rẹ̀ sì di bàìbàì, ọkùnrin tó ń tọ́jú láàbù ní láti wá tún un ṣe kí ìlà tó lè máa lọ. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń da àwòrán kọ láti inú ìwé ọmọ kan tó mọ̀ ọ́n yà. Gbogbo wọn ló gba máàkì, tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ṣe iṣẹ́ àfọwọ́ṣe náà.

Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n dé láago méje ààbọ̀ kí wọ́n má bàa wà lẹ́yìn. Ohun tó yẹ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe títí yóò fi mọ́ wọn lára ni kò tó wọn lọ́wọ́. Ẹ fi àìsí iná kún un, ẹ fi owó dísù kún un, ẹ ó rí ìdí tí fíríìjì láàbù fi ń di kọ́bọ́ọ̀dù.

Ibi tí iṣẹ́ àfọwọ́ṣe ti ń lọ dáadáa wà pẹ̀lú. Ọmọ tó ń kọ́ ìṣègùn ní Ìlọrin ń tọ àwọn dókítà lẹ́yìn nídìí ibùsùn aláìsàn ní UITH, ilé ìwòsàn yunifásítì náà. Ní Landmark, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n gbé lárugẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, oko sì wà níbẹ̀. Bákan náà ni ètò SIWES, tí wọ́n ń pè ní IT, ti wà láti 1973 kí ọmọ lè lọ lo oṣù mélòó kan níbi iṣẹ́ gidi. Ọmọ tó bá rí ibi tó dára lọ ń padà wá pẹ̀lú ojú tó là. Èyí tó lọ jókòó sí ọ́fíìsì tí kò jọ ohun tó ń kọ́, tó kàn ń gba sítáǹpù sínú ìwé, kò rí nǹkan kan mú bọ̀.

Ṣé ìyanṣẹ́lódì ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́ lóòótọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà tó sì ń gbà bà á jẹ́ ju ọdún tó ń gbà lọ́wọ́ ọmọ lọ. Sáà kan yẹ kó ní ọ̀sẹ̀ 15 ìkọ́ni. Kọ́ọ̀sì tó ní yúnítì mẹ́ta túmọ̀ sí wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀, ìyẹn wákàtí 45 ní sáà kan. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, dáṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Máàṣì títí di Dìsẹ́ńbà 2020, wọ́n tún dá a sílẹ̀ láti 14 Fẹ́búárì sí 14 Òkítóbà 2022. Bí wọ́n bá padà, tí wọ́n sì fẹ́ lé ọdún bá, ọ̀sẹ̀ 15 lè di mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Ìwé èsì ọmọ ṣì máa kọ yúnítì mẹ́ta. Wákàtí tó kù, kò sẹ́ni tó máa san án padà.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 2001, Unilorin kì í bá wọn dáṣẹ́ sílẹ̀, ó sì wà lára ìdí tó fi máa ń wà lókè nínú iye ọmọ tó ń yàn án ní JAMB. Kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Olùkọ́ 49 ni wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì 2001, ẹjọ́ wọn sì dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kí wọ́n tó jàre ní 2009. Mo ń sọ èyí kí òbí má bàa rò pé olùkọ́ tó dáṣẹ́ sílẹ̀ kò fẹ́ràn ọmọ. Lára ohun tí wọ́n ń jà fún ni owó tó máa tún láàbù yẹn ṣe.

Kí ló dé tí òfin, ìṣègùn àti nọ́ọ̀sì fi ní ẹnu ọ̀nà kejì?

Nítorí pé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní àjọ tiwọn, tó sì lágbára láti sọ pé ìwọ ò ní í bá wa ṣe é. Àjọ Council of Legal Education ló ń sọ iye ọmọ òfin tí yunifásítì kan lè rán lọ sí Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin lọ́dún. MDCN ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣègùn, àjọ àwọn nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀, COREN ń yẹ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà wò. NUC lè ti fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì kan, kí àjọ iṣẹ́ náà ṣì máa wò ó.

Iye yìí ló ń pa ọmọ lára jù. Ká ní wọ́n fún ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ààyè 50, ó wá gba ọmọ 120 nítorí owó. Ìfọwọ́sí wà, olùkọ́ wà, ọmọ sì yege. Ààyè tó máa gbé e lọ ni kò sí. Ẹlòmíràn ń dúró fún ọdún méjì mẹ́ta kó tó rí Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin wọ̀. Ní ìṣègùn, wọ́n lè ní kí ọmọ ọdún kejì lọ wá kọ́ọ̀sì mìíràn kọ́. Ẹ bèèrè iye ààyè, kí ẹ sì bèèrè iye ọmọ tó wà ní kíláàsì. Bí èkejì bá ju èkíní lọ, ẹ má san owó.

Ṣé kí a sá fún ilé-ẹ̀kọ́ tuntun ni?

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ díẹ̀ nínú kíláàsì ń mú kí olùkọ́ mọ olúkúlùkù wọn, ilé-ẹ̀kọ́ tuntun tó ní èròǹgbà rere sì lè kọ́ ọmọ ju èyí tó ti darúgbó lọ. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tí kò rí ọmọ gbà kì í pẹ́ tí owó fi ń tán lọ́wọ́ rẹ̀, olùkọ́ ló sì ń kọ́kọ́ lọ. Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, sọ pé yunifásítì 199 ni ọmọ tó yàn wọ́n ní JAMB kò tó ọgọ́rùn-ún, 34 nínú wọn kò sì rí ẹyọ ọmọ kan. Ìjọba sọ nígbà náà pé òun kò ní í dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ mọ́ fún ọdún méje.

Ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC gbé jáde ní ìparí 2022, tí wọ́n ń pè ní CCMAS, tún fi kún ìyàtọ̀ láàárín ilé-ẹ̀kọ́ kan àti èkejì. NUC ló kọ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ọmọ máa kọ́, yunifásítì ló sì ń kọ ìdá 30 tó kù fúnra rẹ̀. Ìdá 30 yẹn ni kí ẹ bèèrè. Ẹ̀ka tó ronú á sọ fún yín lójú ẹsẹ̀ pé àwọn fi kún un láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú kaṣú, tàbí ìṣirò owó ilé iṣẹ́ kéékèèké. Èyí tí kò ronú á máa wo ojú yín.

Báwo ni òbí ṣe lè fojú ara rẹ̀ wò ó?

Ẹ kọ́kọ́ wo orí íntánẹ́ẹ̀tì NUC, níbi tí wọ́n ti to kọ́ọ̀sì tí wọ́n fọwọ́ sí ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo IBASS náà, ibi tí JAMB to kọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọmọ kafé bá ní òun mọ̀ ọ́n lórí, ẹ ní kó ṣí i kí ẹ rí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ síbẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí sáà bá ń lọ, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n pè yín fún ayẹyẹ kò lè fi nǹkan kan hàn yín. Ẹ lọ sí ẹ̀ka náà gan-an, ẹ ka orúkọ àwọn olùkọ́ tó wà lára ògiri, kí ẹ wo ọ́fíìsì mélòó ló ṣí. Ẹ wo pátákó ìkéde bóyá àkókò ìkọ́ni tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti sáà yìí. Ẹ kí olórí ẹ̀ka, ẹ bèèrè ọdún tí NUC wá kẹ́yìn, ohun tí wọ́n fún wọn, àti ọdún tó máa parí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lójú kò ní í bínú sí ìbéèrè yẹn.

Ọmọ ọdún àṣekágbá lẹ ó rí òótọ́ jù lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ ra omi tútù fún un, kí ẹ bi í pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n fi kọ́ wọn ní sáà tó kọjá, ìgbà wo ló fọwọ́ kan irinṣẹ́ kẹ́yìn, ọmọ mélòó ni olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ń bójú tó. Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá ó ń rí ọkọ̀ wọ kíláàsì lákòókò. Àwọn tó ń gbé Tánkè àti Òkè-Odò mọ bí ìlà ọkọ̀ àárọ̀ ṣe ń gba ìkọ́ni aago mẹ́jọ lọ́wọ́ èèyàn.

Ọmọ ti wà níbẹ̀ ná, tí kọ́ọ̀sì náà kò sì ní ìfọwọ́sí kíkún, kí la ó ṣe?

Bó bá jẹ́ onígbà díẹ̀ ni, kò yẹ kí ọmọ sá. Ẹ wádìí ibi tí máàkì ti jábọ́. Bó bá jẹ́ ilé ìkàwé, owó lè tètè tún un ṣe. Bó bá jẹ́ olùkọ́, ẹ bèèrè iye tí wọ́n ti gbà síṣẹ́ láti ìgbà tí NUC ti lọ. Ìdáhùn tí kò ní nọ́ńbà nínú kì í ṣe ìdáhùn.

Bí wọ́n bá ti kọ kọ́ọ̀sì náà, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ìsìnrúlùú kì í gba ọmọ tó jáde nínú kọ́ọ̀sì tí NUC kò fọwọ́ sí, ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ sì ń bèèrè ìwé ìsìnrúlùú. Ọmọ tó wà ní ọdún kìíní tàbí èkejì lè bèèrè fún kọ́ọ̀sì mìíràn tó súnmọ́ ọn ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà, tàbí kí ó kọ̀wé pé òun fẹ́ lọ sí yunifásítì mìíràn. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gbà á ló máa sọ irú máàkì tó fẹ́ àti ọdún tó lè wọ̀, JAMB sì gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Ẹ gba ìwé èsì rẹ̀ tó ní òǹtẹ̀ kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ fẹ́ kúrò.